Ẹ Má Tíì Fọ Ọkọ̀ Náà

Ní ọdún 1925, Cecil Kimber, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Morris Garages ní ìlú Oxford, to ọkọ̀ asáré kékeré kan pọ̀ fún ìdíje ìwakọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe nígbà Àjíǹde, èyí tó ń parí sí Land's End ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìdíje àwọn tó ń fi ọkọ̀ wíwà jẹun. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ni yóò wà á fúnra rẹ̀, gba orí òkè olókùúta àti inú ẹrẹ̀ kọjá, àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n sì fi ń yẹ́ ẹni tó bá là á já sí. Kimber gba ti wúrà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ta ọkọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní 300 pọ́n-ùn. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ọkọ̀ yìí fi dèrò àkìtàn àwọn oníkọ́ndẹ̀mù ní Manchester. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ MG kan ti bá a, ilé iṣẹ́ sì rà á padà ní 15 pọ́n-ùn. Lónìí, British Motor Museum ní Gaydon ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì ń pè é ní Old Number One, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó ń jẹ́ MG ní 1924, kó tó di pé wọ́n kó òun jọ rárá. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìtàn yìí. Ìpẹtà nìkan kọ́ ló já owó ọkọ̀ náà láti 300 bọ́ sí 15. Ẹni tó wọ́ ọ lọ sí àkìtàn kò mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dé, irin yẹn kan náà ni, ìpẹtà yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó kúrò ní kọ́ndẹ̀mù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí i ṣáájú ọkùnrin yẹn. Òun ló dá a mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún àwa oníṣẹ́ irin ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ni ilé àti àwọn àrólé gbọ́ ọ pẹ̀lú wa: bí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bá yọjú lẹ́yìnkùlé, pàápàá èyí tó ti sá eré ìje rí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkà á. Omi àti ọṣẹ kò tíì kàn. Eruku tó wà lórí rẹ̀, ojú wẹ́dà, ihò tí kò ní bóòtù, ọ̀dà tó wà lábẹ́ ọ̀dà, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Mo tún ń lọ síwájú díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn tí a bá ti kà á tán, kò yẹ ká dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́ lókè òkun, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé rẹ̀ ni ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa tó gbà pé iṣẹ́ àtúnṣe kò pé àfi tó bá ń dán bíi tuntun yóò bá mi jiyàn lórí èyí. Mo gbọ́ tiwọn, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ ihò bóòtù tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ irú eré ìje tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, pápákọ̀ òfurufú tí àwọn ológun kò lò mọ́ kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pápákọ̀ ogun ni Goodwood àti Silverstone tẹ́lẹ̀, eré ìje sì ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn méjèèjì ní 1948. Ẹgbẹ́ 750 Motor Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, kó àwọn tó ní Austin Seven jọ, ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ti wà lójú títì láti 1922. Inú irú Austin Seven bẹ́ẹ̀ ni Colin Chapman ti yọ ọkọ̀ Lotus àkọ́kọ́ ní 1948; ó tà á ní 1950, títí di òní ni wọ́n sì ń wá ọkọ̀ yẹn kiri. Akọ̀wé báǹkì, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré. Wọ́n á wa ọkọ̀ wọn dé pápá láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á dojú gíláàsì iwájú dé, wọ́n á fi téèpù bo iná iwájú kí àfọ́kù rẹ̀ má baà dà sójú pápá, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ilẹ̀kùn, ó di eré. Bí kò bá bàjẹ́, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ tò padà, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n á sì gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ eré ìje wọn fi jọ ọkọ̀ lásán lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá lára rẹ̀, kò sí ìwé tó ń sọ pé ó sáré rí. Ihò mẹ́rin nínú páànù ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti de irin tó ń dáàbò bo orí awakọ̀, ojú ìdè awọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ihò tíntìntín tí wọ́n lu sí orí bóòtù kí wáyà lè gba inú rẹ̀ kọjá kí ó má baà tú lórí eré, irin tí wọ́n lu níhò-níhò kó lè fúyẹ́: ìwọ̀nyí ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Panẹ́ẹ̀bítà wa tó mọṣẹ́ yóò fi pọ́tì dí ihò mẹ́rin yẹn kí kọfí rẹ̀ tó tutù, yóò fi sáńpépà fá a, yóò kùn ún, inú oníbàárà yóò dùn. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà láyé pé ọkọ̀ náà sáré rí ló parẹ́ yẹn. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ọkọ̀ àgbà ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ẹnìkan lè ní kí ló kan Ọjà Ọba Òṣogbo nínú èyí. Ó kàn án ju bí a ṣe rò lọ. Réluwé dé Òṣogbo ní 1907, àwọn ilé iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó sì tẹ̀ lé e wá. Títí di àwọn ọdún 1960, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ púpọ̀ lójú títì wa. Morris Minor, tí Alec Issigonis ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1948, ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó tà ju mílíọ̀nù kan lọ, ó sì wà lára àwọn tí olùkọ́, akọ̀wé kóòtù àti oníṣòwò kòkó fi kọ́ ọkọ̀ wíwà níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ asáré Austin-Healey Sprite jáde ní 1958, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tì bọ inú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì: ẹ́ńjìnnì 948 sísì tó wà nínú Morris Minor 1000 ni, wọ́n kàn fi kábúrétọ̀ méjì sí i. MGA ti 1955 náà, mọ̀lẹ́bí ẹ́ńjìnnì Austin Cambridge àti Morris Oxford ló gbé e rìn. Nítorí náà, mẹkáníìkì àgbà tó ti tú ẹ́ńjìnnì Morris Minor palẹ̀ ní Iléṣà ti mọ inú ọkọ̀ eré ìje Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ pé ó fojú rí pápá Silverstone. Ohun tó ṣeé ṣe jù kó yọjú lẹ́yìnkùlé wa ni Minor, Cambridge, Land Rover tàbí Bedford. Mo kà wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìṣiyèméjì, torí ọwọ́ tó bá mọ bí a ṣe ń ka ọ̀kan yóò ka èkejì, ọwọ́ tó bá sì ba ọ̀kan jẹ́ yóò ba gbogbo wọn jẹ́.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lo ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa gbé, tí èyí tó jókòó sí Oxford kò ní. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì ojú pópó sílẹ̀, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún di ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ní láti na ọrùn kó tó lè yẹ ọkọ̀ iwájú sílẹ̀. Àwọn kan wà á bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, àwọn kan gbé e jókòó, àwọn kan sì ní kí wọ́n gbé sítíárìn lọ sí òsì. Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yẹn ń fi sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti dá ihò sí lọ́wọ́ méjèèjì látilẹ̀, ìdérí kékeré kan ni ẹ óò rí tó ti yí ipò padà. Nínú ọkọ̀ tí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, bíi MG TC, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ṣe nǹkan bí 10,000 rẹ̀ láàrin 1945 àti 1949, àfi kí wẹ́dà fi iná gé páànù tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, kó sì lẹ òmíràn dí ojú ti àtijọ́. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn: ẹ óò rí ojú wẹ́dà tó yí ká bí òrùka, àti ihò pẹ́dà àtijọ́ tí wọ́n fi rọ́bà dí. Ẹ wo wáípà bóyá ọwọ́ òsì ló ń sùn sí àbí ọ̀tún. Ẹ wo gíláàsì iná iwájú. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń da ìmọ́lẹ̀ sí òsì bí awakọ̀ bá rẹ iná sílẹ̀, kí ó má baà mọ́ sí ojú ẹni tó ń bọ̀. Lẹ́yìn 1972, apá òsì yẹn gan-an ni ẹni tó ń bọ̀ wà. Ọkọ̀ tí ẹnìkan pààrọ̀ gíláàsì iná rẹ̀ fi hàn pé ó ṣì ń rìn lóru lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Èyí tí wọn kò pààrọ̀ tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti dúró. Kò sí ìwé ìjọba kankan tó lè sọ èyí fún wa nípa ọkọ̀ kan pàtó. Ẹni tó bá wá gbé sítíárìn padà sí ọ̀tún torí pé bó ṣe wà ní ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon nìyẹn, ó ti pa Nàìjíríà rẹ́ kúrò nínú ìtàn ọkọ̀ náà, owó ló sì fi ṣe é.

Àtakò tó lágbára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùtajà àti àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ náà mọ́, àfi tí a bá dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í lélẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ní London ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Bentley Speed Six kan wà tí òun náà ń jẹ́ Old Number One. Ó gba ipò kìíní nínú eré ìje Le Mans ní 1929, ó sì tún gbà á ní 1930. Ọmọ olówó tí kò fi eré ìje ṣe iṣẹ́ ni Woolf Barnato tó wà á nígbà méjèèjì. Wọ́n ń tún un ṣe láti eré ìje dé eré ìje, wọ́n pààrọ̀ ṣásí, wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, títí di 1932 tí awakọ̀ Clive Dunfee fi kú nínú rẹ̀ ní pápá eré ìje Brooklands. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún un kọ́ di ọkọ̀ ojú pópó. Nígbà tí ẹni tó ni ín fẹ́ tà á ní owó ńlá, ẹni tó fẹ́ rà á sọ pé òun kò san mọ́, pé ọkọ̀ Le Mans kọ́ nìyí, nítorí pé díẹ̀ báyìí ni ohun tó ṣẹ́ kù nínú irin 1929. Ní 1990, Adájọ́ Otton dá ẹjọ́ náà. Ó gbà pé irin àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀, ó ní ọkọ̀ náà gan-an ni, torí pé kò sí ìgbà kan tí okùn ìgbésí ayé rẹ̀ já: ohun kan náà ni wọ́n ń tún ṣe láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbé òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Lójú mi, ẹjọ́ yìí dá àwọn olùtajà lóhùn pátápátá. Ohun tó mú kí Bentley yẹn jẹ́ ara rẹ̀ ni àtúnṣe tó ní àkọsílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti kó gbogbo àtúnṣe yẹn dànù kó lè rí ọkọ̀ 1929 tó mọ́ tónítóní, okùn ló ìbá já, ọkọ̀ tuntun ló ìbá sì kọ́.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Òṣogbo láti gbà, torí a ti ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, ń tún àwọn ojúbọ tó ti ń wó nínú Igbó Òṣun ṣe, wọn kò wá bí wọn yóò ṣe tún ògiri àtijọ́ mọ gẹ́lẹ́. Sìmẹ́ǹtì wọ inú iṣẹ́ náà, ère tí ojú kò rí rí dìde, ọwọ́ àwọn ènìyàn àsìkò yẹn sì hàn kedere lára rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ará ìlú tó ní Igbó Òṣun kọ́ nìyẹn mọ́, UNESCO náà sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ogún àgbáyé ní 2005. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ìsìn kò dáwọ́ dúró nínú igbó yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó jókòó sẹ́yìnkùlé fún ogún ọdún ti kú. Òótọ́ ni pé wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìjókòó náà wà lára ìtàn ọkọ̀. Bí a bá mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, ọdún wo, nítorí kí ni, àti ẹni tí ilé náà bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, okùn kò já. Ìgbà tí a kò bá bèèrè ló ń já.

Ọ̀rọ̀ ebi ńkọ́? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ra irin kọ́ndẹ̀mù ń wá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òṣùwọ̀n, owó wọn sì wà lọ́wọ́. N kò ní tan àrólé kankan jẹ pé Morris Minor tó wà lẹ́yìn ilé baba rẹ̀ yóò sọ ọ́ di olówó. Lóòótọ́, ní 2009, wọ́n ta Bugatti kan ní Paris ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta yúrò pẹ̀lú eruku lára rẹ̀, lẹ́yìn tó ti wà nínú gáréèjì ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n Bugatti nìyẹn, Earl Howe tó jẹ́ gbajúmọ̀ awakọ̀ eré ìje ló sì kọ́kọ́ ni ín. Ohun tí mo ní láti sọ nípa owó kéré ju ìyẹn lọ, ó sì dá mi lójú: èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ló wọ́n níwọ̀n jù. Ọ̀dà, kíróòmù, ìjókòó tuntun àti sípíà pátì láti òkè òkun ni ohun tó ń gbẹ́ àpò. Fóònù tó ń ya fọ́tò, ìwé àkọsílẹ̀ kan, búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí a fi gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ kí ikán má baà dé ibi igi rẹ̀, àti tapólì tí a nà sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá: mẹkáníìkì tí kò lówó lọ́wọ́ lè rí ìwọ̀nyí. Bí ebi bá sì le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà á, kí wọ́n tà á fún ẹni tí yóò wà á tàbí tí yóò tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àti ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ìtàn yẹn nìkan ló lè mú kí owó ọkọ̀ ju iye tí irin rẹ̀ wọ̀n lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí àtakò tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn tó jẹ gàba lé wa lórí ni, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ẹ wo Bedford. Láti Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ a máa fi ṣásí, ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ nìkan ránṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Àwọn káfíńtà wa ló fi pákó kan ẹ̀yìn yẹn, wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i, oníṣẹ́ ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó di bọ́lẹ̀kájà. Òun ló gbé kòkó àti obì wọlé, òun ló gbé Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú ẹrù aṣọ rẹ̀ lọ sí ìlú tí yóò ti máa tà á láwìn. Luton kò ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bákan náà ni MG TC, tí igi áàṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ páànù rẹ̀. Bí igi yẹn bá jẹrà nínú òjò ilẹ̀ wa, tí káfíńtà kan sì fi ìrókò gbẹ́ òmíràn sí i, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni ìrókò yẹn nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá yọ ọ́ sọnù kó lè ra áàṣì láti òkè òkun, ẹ jẹ́ kí ó sọ fún mi ẹni tó ń sìn nínú àwọn méjèèjì.

Àtakò kan ṣoṣo ni mo gbà fún láìjanpata, ti ààbò ni. Búrékì tó ti gbó, páìpù epo tó ti sán, táyà tó ti le bíi pákó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí ìtàn fi wọ́n sílẹ̀ lára ọkọ̀ tí yóò jáde sí títì. Ẹ pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí èyí tí ẹ yọ wọ inú àpótí, kí ẹ so ìwé mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ kọ ibi tó ti wá àti ọjọ́ tó jáde. Ẹ má sì yára. Ẹ́ńjìnnì tó ti jókòó pẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ro òróró sínú ihò wọn, ẹ jẹ́ kó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ tó fi ọwọ́ yí i wò. Kí réwáyà má ṣe gbé bátìrì lé e bó ṣe ń gbé e lé Toyota: títí di àárín àwọn ọdún 1960 ó kéré tán, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kan ara irin. Ẹ̀kọ́ tó dára jù wà lára nọ́ọ̀tì. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì MG TC. Sípánà nọ́ńbà 13 kò bá orí nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu dáadáa, torí ìwọ̀n Whitworth ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gé orí rẹ̀ sí. Ẹni tó bá wá rò pé nígbà tí orí jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, eyín inú rẹ̀ náà yóò jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, yóò ba ojú ihò jẹ́, nítorí ìwọ̀n mìlímítà ni eyín inú rẹ̀. Hotchkiss, ilé iṣẹ́ ọmọ Faransé, ló ni ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì tó wà ní Coventry tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Morris ra ibẹ̀, wọn kò da ẹ̀rọ tó ń gé eyín nù, orí nọ́ọ̀tì nìkan ni wọ́n yí padà kó lè bá sípánà àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu. Nínú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ìtàn ilẹ̀ méjì wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ń fi ipá tú nǹkan yóò fi gíráńdà gé e, yóò ra tuntun lọ́jà, kò sì ní mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku àwọn tó ń purọ́ ìtàn, wọ́n sì pọ̀. Olùtajà yóò ní ọkọ̀ yìí sáré rí, pé gómìnà kan ló ni ín, pé òyìnbó tó ń wa wúrà ní Itagunmodi ló gbé e wá. Orúkọ Old Number One ti Kimber fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá lè fi orúkọ tí kò tọ́ pe ọkọ̀ tirẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní ká má fọ̀ ọ́. Irọ́ ń dùn lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ara tó ṣì ní ojú wẹ́dà àti ọ̀dà mẹ́ta lórí ara wọn máa ń tú u. Ọ̀nà kejì láti tú u ni Ọjà Ọba. Ọkọ̀ tó bá gbé Òṣogbo fún ogún ọdún ti kọjá níwájú ààfin Àtáọ́ja láìmọye ìgbà, àwọn tó dúró níbẹ̀ nígbà náà kò tíì tán. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá tó ń ta èlùbọ́ tó sì ti wọ̀ ọ́ rí, bàbá tó ń ta sípíà pátì, fọ́kánáísà àgbà: kí ẹni tó rí ọkọ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má sọ ohun tí olùtajà sọ fún wọn, kí ó kàn bèèrè ẹni tó ni ín àti àwọ̀ tó ní. Bí ìyá kan bá ní búlúù ni nígbà tí òun mọ̀ ọ́n, tí sáńpépà sì kan búlúù lábẹ́ funfun ní kọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ìtàn yẹn ti di ẹ̀rí. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwa mẹkáníìkì ní ìwé kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí a óò máa kọ irú èyí sí, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣogbo níhìn-ín. Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó ń yára ni ikú àwọn tó mọ̀.

Nígbà tó bá sì di dandan láti rọ irin tuntun, torí pé ti àtijọ́ fọ́ tí kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà, ìlú wa kò tòṣì. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980 kí Nàìjíríà lè máa gé irin fúnra rẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ irú bẹ́ẹ̀ sì ṣì wà láàrin wa. Kí wọ́n gé jíà náà, kí wọ́n gé ọ̀pá sítíárìn náà, kí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ bó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọdún tí wọ́n ṣe é, orúkọ ìlú àti orúkọ ẹni tó ṣe é sí ibi tí ojú lè dé, kí ẹni tí yóò tú ọkọ̀ náà lẹ́yìn wa má baà rò pé Abingdon ni irin yẹn ti wá.